BÍ ỌLỌ́JÀ BÁ ṢI IYE PÈ, ṢÉ OLÙRÀ YÓÒ SAN ÀFIKÚN?

 

 A ti ní i lọ́kàn láti máa bá ẹ̀kọ́ wa lórí àlùwàlá lọ nínú oṣù yìí, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan dé bá wa lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú, a sì rí i pé kò yẹ kí a sún un síwájú, nítorí ọ̀rọ̀ owó ni, owó náà sì ti fẹ́ da àárín àwọn Mùsùlùmí mẹ́ta rú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ayétòrò lọ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní Ìlaròó, Toyota Corolla. Ọdún méjì ni ó fi dáwó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó sì tún yá díẹ̀ kún un. Ọ̀gá tó ń ta ọkọ̀ náà kò sí nílé lọ́jọ́ náà, ó lọ sí Èkó. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó bá. Ọmọ náà ṣí ìwé iye ọkọ̀, ó fi ìka tọ ìlà lọ, ó ní ₦3,450,000 ni. Olùrà fẹ́ kí ó gé e, ọmọ iṣẹ́ ní òun kò láṣẹ láti yọ kọ́bọ̀ kúrò nínú iye tí ọ̀gá òun kọ sílẹ̀. Wọ́n parí rẹ̀ síbẹ̀. Owó wọ àpò ọ̀gá ní báńkì, wọ́n kọ rìsíìtì, wọ́n kó ìwé ọkọ̀ lé olùrà lọ́wọ́, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹta ni ọ̀gá dé Ayétòrò pẹ̀lú àgbà méjì. Corolla méjì aláwọ̀ eérú ni ó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Èyí tó ti pẹ́ jù ni ó kọ ₦3,450,000 sí. Èyí tí wọ́n tà yìí, ₦3,950,000 ni. Nígbà tí owó wọlé, ó rò pé èyí tó pẹ́ yẹn ni wọ́n tà, àfi ìgbà tó ti Èkó dé tó rí ọkọ̀ tó kù. Ó mú ìwé náà dání, nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà níwájú iye rẹ̀. Ó ní kí olùrà san ₦500,000 tó kù. Bí kò bá san án, ọmọ iṣẹ́ ni yóò fi iṣẹ́ san án, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́jọ péré ló kù kí ọmọ náà ṣe fírídọ̀mù.

“Àfáà, ṣé owó yìí wà lọ́rùn mi?” Ohun tí olùrà bi wá nìyẹn. Kí a tó la ẹnu, àwọn tó jókòó tì í ti pín sí méjì. Àwọn kan ní ọjà tí a ti san owó rẹ̀, tí a ti gba rìsíìtì rẹ̀, ó ti tán. Àwọn kejì ní owó olówó ni, kí ó lọ san án kíá. Àwọn méjèèjì ló yára jù.

Ọlọ́hun Ọba tó ga pa á láṣẹ nínú Súrátù Nísáì, ẹsẹ 29, pé kí a má fi ọ̀nà èké jẹ dúkìá ara wa, àyàfi bí ó bá jẹ́ káràkátà tí tọ̀túntòsì yọ́nú sí. Ìyọ́nú yìí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wa. Ìgbà wo ni a ń sọ pé ìyọ́nú ti délẹ̀? Hádíìsì kan wà tí Bukhari àti Muslim gbà wá, Imam Malik náà sì kọ ọ́ sínú Muwatta, pé olùtà àti olùrà ní ẹ̀tọ́ láti yí ohùn padà níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá tíì pínyà. Imam Shafi'i àti Imam Ahmad ní ìpínyà ti ara ni, kí ẹnì kan dìde kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kejì. Àwọn onímímọ̀ Málíkì, tí ìlànà wọn ni a ń tẹ̀lé nílẹ̀ yìí, ní ìpínyà ti ọ̀rọ̀ ni: bí èyí bá ti ní òun tà, tí tọ̀hún sì ní òun rà, ó parí. (Ó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lẹ́nu pé Malik fúnra rẹ̀ gba hádíìsì náà wá, síbẹ̀ kò lò ó báyìí, nítorí kò bá àwọn ará Màdíínà lórí irú ìṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn di ẹ̀kọ́ ọjọ́ mìíràn.) Ìlànà yòówù kí a mú, ọkọ̀ tó ti kúrò ní Ìlaròó tó ti sùn mọ́jú ní Ayétòrò, ìpínyà ti wà níbẹ̀.

Àṣìṣe kò jẹ́ irú kan náà

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n gbọ́ pé ọlọ́jà ṣèèṣì, wọn kò sì béèrè irú èèṣì tó jẹ́.

Bí olóhun bá fi ẹnu ara rẹ̀ dá iye lé ọjà rẹ̀ nítorí pé kò mọ bí ọjà ṣe ń lọ, Khalil ọmọ Ishaq, onímímọ̀ ará Íjíbítì tó kú ní ọdún 776 Híjírà, tí ìwé Mukhtasar rẹ̀ jẹ́ òpó fún àwọn Málíkì, kò gbà pé kí wọ́n dá ọjà náà padà, bí ìrẹ́jẹ inú rẹ̀ tilẹ̀ kọjá àṣà. Ẹni tó ta òkúta lásán ní iye òkúta, tí a wá rí i pé òkúta iyebíye ni, ó ti tà á. Ó lè dà bí ẹni pé ó le, ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: bí gbogbo ẹni tó kábàámọ̀ lálẹ́ bá lè wá gba ọjà rẹ̀ lówùúrọ̀, ta ni yóò ná ọjà Owódé tàbí ti Ìlaròó? Wọ́n yọ ẹnì kan sílẹ̀, ẹni tó fi ara rẹ̀ sábẹ́ ẹnì kejì, tó ní “èmi kò mọ iye tí wọ́n ń tà á, tà á fún mi bí o ṣe ń tà á fún àwọn ènìyàn.” Bí a bá rẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ, ó ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà. Àwọn kan nínú àwọn Málíkì Bàgídáàdì sì sọ pé bí ìrẹ́jẹ bá kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ̀tọ́ wà fún ẹni tí a rẹ́ jẹ. ₦500,000 nínú ₦3,950,000 fi díẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ ni, kò sún mọ́ ìdá mẹ́ta.

Àṣìṣe kejì ni ti ìṣirò, níbi tí olùtà ti sọ iye tó ra ọjà, tí ẹ sì jọ fi èrè lé e. Àwa ará ẹnu ibodè mọ èyí dáadáa. Kí ìjọba àpapọ̀ tó fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017, báyìí ni wọ́n ṣe ń ta ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó bá ti Kútọnu gba Ìdí-Ìrókò: “Iye tí mo rà á ní sẹ́fà nìyí, iye tó jẹ́ ní náírà nìyí, fi èyí lé e fún mi.” Nínú oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n gé iye sẹ́fà sí ìdajì, 50 tí wọ́n ń gbà fún fránkì Faransé kan di 100 lójijì. Ẹni tó bá fi iye àná ṣe ìṣirò lọ́sẹ̀ náà, kò sí bí àpapọ̀ rẹ̀ kò ṣe ní wọ́. Ní irú ọjà báyìí, bí olùtà bá ṣèèṣì dín owó tó fi rà á kù, tí olùrà gbà á gbọ́ tàbí tí ó mú ẹ̀rí wá, Khalil ní kí olùrà yan ọ̀kan: kí ó dá ọjà padà, tàbí kí ó san ojúlówó iye náà pẹ̀lú èrè rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé a kò fi ipá mú un san àfikún. Ìyọ́nú rẹ̀ lórí iye tuntun náà ṣe pàtàkì bí ti olùtà.

Ti ọmọ iṣẹ́ wa kò sí nínú méjèèjì yìí. Kì í ṣe òun ló ni ọkọ̀, aṣojú ni. Aṣojú tí a dárúkọ iye fún, tó wá tà á ní ohun tó kéré sí i, ti kọjá àṣẹ rẹ̀. Ọwọ́ olóhun ni yíyàn wà: bí ó bá fẹ́, kí ó gba ohun tí aṣojú ṣe, bí ó bá kọ̀, níwọ̀n ìgbà tí ọjà ṣì wà bó ṣe wà, kí ó gba ọjà rẹ̀, kí ó sì dá gbogbo owó olùrà padà. Bí ọjà bá ti bàjẹ́ tàbí tí ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọrùn aṣojú ni àdánù náà ń bọ́ sí. Ìdí nìyí tí ọ̀gá fi ní ẹnu láti mẹ́nu ba ọmọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn wá létí. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti fún un láṣẹ láti máa tà bó ṣe rí i pé ó dára ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún olùrà pé òun kò láṣẹ lórí kọ́bọ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn tí a fún olùrà ni pé ₦500,000 náà kì í ṣe gbèsè lọ́rùn rẹ̀, ọ̀gá kò sì lè mú un ní dandan. Ṣùgbọ́n kò lè fi rìsíìtì nìkan sọ pé ọkọ̀ ti di tòun. Bí ìwé náà bá jẹ́ òtítọ́, tí ọ̀gá sì búra sí i, kí ó fi kún un, tàbí kí ó dá ọkọ̀ padà kí ó gba ₦3,450,000 rẹ̀ pé pérépéré, láìsí ẹyọ kọ́bọ̀ tí wọn yóò yọ fún ọjọ́ tó fi wà á.

Ohun tí àwọn ẹni àná ṣe

A bi olùrà ní ìbéèrè kan. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ pe iye náà, kí ni ọkàn rẹ̀ sọ fún un? Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun ti yẹ ọjà wò níbi mẹ́ta kí òun tó dé ibẹ̀, òun mọ̀ pé iye náà wọ́, ṣùgbọ́n òun rò pé arísìkí ni Ọlọ́hun fi ránṣẹ́. A bọ̀wọ̀ fún un pé ó sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti mọ̀, kí ló dé tó tún fẹ́ kí wọ́n gé e?

Ẹ gbọ́ ìtàn Jarir ọmọ Abdullah Al-Bajali, sàhábà Ànọ́bì, tí Tabarani gbà wá. Ó rán ìránṣẹ́ rẹ̀ lọ ra ẹṣin. Ìránṣẹ́ ná ẹṣin kan ní 300 dírámù, ó sì mú olówó ẹṣin wá kí ó wá gba owó. Jarir wo ẹṣin náà, ó sọ fún olówó rẹ̀ pé ẹṣin yìí ju 300 lọ, ṣé yóò tà á ní 400? Ọkùnrin náà gbà. Jarir ní ó ṣì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń fi 100 lé 100 títí ó fi dé 800, ibẹ̀ ni ó sì rà á sí. Àwọn ènìyàn bi í léèrè, ó ní òun ti ṣe àdéhùn fún Ànọ́bì pé òun yóò máa fẹ́ rere fún gbogbo Mùsùlùmí. Àdéhùn náà wà nínú Bukhari àti Muslim. Kò sí adájọ́ kan tí ìbá mú Jarir san ju 300 lọ. Olówó ẹṣin kò tilẹ̀ ráhùn.

Bukhari àti Muslim tún gba ìtàn ọkùnrin kan wá tó ra ilẹ̀, tó wá bá ìkòkò wúrà nínú rẹ̀. Ó gbé e lọ fún ẹni tó ta ilẹ̀, ó ní ilẹ̀ ni òun rà, òun kò ra wúrà. Olùtà ní òun ti ta ilẹ̀ àti ohun inú rẹ̀. Ẹjọ́ tí wọ́n gbé lọ ni ẹjọ́ èmi-kọ́-ni-mo-ni-ín! Adájọ́ ní kí wọ́n fi ọmọkùnrin ọ̀kan fẹ́ ọmọbìnrin èkejì, kí wọ́n ná wúrà náà lé àwọn ọmọ lórí kí wọ́n sì ṣe sàráà nínú rẹ̀.

A kò sọ èyí kí ọlọ́jà wá sọ ọ́ di ohun ìjà. Nítorí a sọ fún ọ̀gá náà lójú àwọn àgbà tó mú wá pé Yunus ọmọ Ubayd, oníṣòwò aṣọ ní Básírà, bá ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ta aṣọ 200 dírámù ní 400, ó sì dá 200 padà fún ará oko tó rà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ará oko náà ní òun yọ́nú sí i. A bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ni òun ti wa ọkọ̀ lọ sí ìlú oníbàárà láti lọ dá owó padà? Ó rẹ́rìn-ín, kò dáhùn. A tún sọ fún un pé èrè wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun fún ẹni tó bá gbà kí Mùsùlùmí tó kábàámọ̀ lórí ọjà tú u ká. Ọ̀rọ̀ yìí kan òun náà.

Olùrà fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ní òun ṣetán láti dá a padà. Ọ̀gá ka ìnáwó ìwé ọkọ̀ tí wọn yóò tún yí padà, ó wo kọ́kọ́rọ́ náà pẹ́. Níkẹyìn ó ní kí olùrà fi ₦300,000 kún un, kí ó san án díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, òun fi ₦200,000 sílẹ̀ nítorí Ọlọ́hun, ọmọ iṣẹ́ kò sì ní san nǹkan kan. Olùrà gbà. Ìlàjà bí èyí tọ́ lábẹ́ Sàríà, níwọ̀n ìgbà tí kò bá sọ èèwọ̀ di ẹ̀tọ́. A kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì, àwọn àgbà méjèèjì fọwọ́ sí i, ọmọ iṣẹ́ náà fọwọ́ sí i pẹ̀lú.

Arábìnrin kan tó ń ṣe POS béèrè níbẹ̀ pé bí ènìyàn bá ṣèèṣì fi òdo kan kún owó tó fi ránṣẹ́ sí òun ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ọjà rárá, owó olówó ni, kí ó dá a padà. Bí kò bá wá mọ olówó náà mọ́, ọ̀rọ̀ gùn díẹ̀. Inú ìwé ìròyìn oṣù tó ń bọ̀ ni a ó ti yẹ ìyẹn wò, in sha Allahu.