Iṣẹ́ Wà Lára Ìtọ́jú

Bí àrùn ọpọlọ ṣe ń bá ènìyàn jà, ẹ ti rí i ládùúgbò yín. A kò ní tún un sọ. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló máa ń ta kókó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé aláìsàn gbọ́dọ̀ gbádùn tán pátápátá kí ó tó ṣiṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. A kì í dúró kí ìtọ́jú parí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: iṣẹ́ wà lára ìtọ́jú. Ẹ tún un kà: iṣẹ́ wà lára ìtọ́jú. Ní 1954, Dókítà Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aro, l'Abẹ́òkúta. Àwọn aláìsàn ń gbé láàrin àwọn ará abúlé, ẹbí wọn kan sì wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ oko. Lambo kò ní kí wọ́n gbádùn tán kí wọ́n tó di ọkọ́ mú.

Àwọn kan á ní, "Wàhálà iṣẹ́ á dá àìsàn náà padà." Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe asán, ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣègùn fi dán an wò ní ìlú mẹ́fà nílẹ̀ Yúróòpù, Lọ́ńdọ̀nù wà lára wọn. Wọ́n pín aláìsàn 312 sí ọ̀nà méjì. Wọ́n bá apá kan wá iṣẹ́ gidi lójú ẹsẹ̀, olùrànlọ́wọ́ sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́nu rẹ̀. Apá kejì kọ́kọ́ ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ná. Èsì rẹ̀ jáde ní 2007. Nínú 100, ènìyàn 55 ló ríṣẹ́ ṣe ní apá kìn-ín-ní, 28 péré ní apá kejì. Ta ló wá padà sí ọsibítù jù? Apá kejì ni: 31 nínú 100, nígbà tí ti àwọn tí a tètè wáṣẹ́ fún jẹ́ 20. Wàhálà ń bẹ nínú iṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n jíjókòó lásán, láìsí owó, láìsí ẹni tó ń retí ẹni, wàhálà nìyẹn náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má yí ọ̀rọ̀ yìí po. A ní iṣẹ́ wà lára ìtọ́jú. A kò ní iṣẹ́ rọ́pò oògùn. Ẹni tó ń gbowó oṣù kò gbọdọ̀ tìtorí ìyẹn pa oògùn rẹ̀ tì. Ẹni tó sì ń lo aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́, tó ní òun ń wò ó sàn, ìrẹ́jẹ ló ń ṣe. Owó tó tọ́ náà wà lára ìtọ́jú. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò sọ iṣẹ́ tó wù ú. Bó bá jẹ́ aránṣọ ni tẹ́lẹ̀, ìdí máṣíìnì ni kí á bá a wáyè sí, kí á má sọ pé ọmọlanke ló kù tó lè tì. Kí ó fi wákàtí díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí oògùn bá ń mú kí oorun kùn ún láàárọ̀, kí ọ̀gá jẹ́ kí ó máa wọlé ní aago mẹ́wàá, kí ó sì yọ̀ǹda rẹ̀ lọ́jọ́ tí dókítà bá dá fún un, láì yọ owó ọjọ́ náà.