Ẹrù Àgbà Lórí Ọmọdé

Kí ẹ̀yin ará wa tó ka ẹ̀kọ́ yìí, a bẹ̀ yín kí ẹ kọ́kọ́ ṣí Ìwé Nehemáyà, orí karùn-ún, kí ẹ sì fara balẹ̀ kà á. Ẹ ó rí i níbẹ̀ pé ìyàn mú ní ilẹ̀ Júdà, àwọn tálákà sì fi oko, ọgbà àjàrà àti ilé wọn dúró kí wọn lè rí ọkà jẹ. Nígbà tí kò sí ohun mìíràn mọ́, wọ́n fi ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin wọn sin àwọn ọlọ́rọ̀ ìlú. Kò sí ará Ìbàdàn tí yóò gbọ́ ìtàn yìí tí yóò sì bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí àwa pẹ̀lú ní orúkọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀fà ni. Baba yá owó, ọmọ lọ ń ṣiṣẹ́ lóko olówó. Iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe ni èlé, ṣùgbọ́n owó tí a yá kò fi kọ́bọ̀ kan dín. Ọmọ mìíràn dàgbà di géńdé lórí gbèsè tí kò mọ ìdí rẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de àṣà náà, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ohun tí a fẹ́ wádìí nínú ẹ̀kọ́ oṣù yìí ni pé, ṣé àṣà náà ni ó lọ ni, tàbí orúkọ rẹ̀ nìkan?

Ẹni tí ó bá gba Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí ó yà sí Ọjà'ba, tí ó sì tẹ̀ síwájú lọ sí ìhà Màpó àti Bẹẹrẹ, kò ní ṣàì pàdé ọmọ tí ó gbé àtẹ lérí, tí ń polówó ẹ̀pà tàbí omi inú ọ̀rá láàárín ọkọ̀, ní wákàtí tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ka ìwé nínú kíláàsì. A kò kọ èyí láti sọ pé kí ọmọ má ṣiṣẹ́. Ọmọ tí ó gbálẹ̀, tí ó pọnmi, tí ó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ dé ìsọ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé, tí ó di ọkọ́ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ baba rẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé ni ó ń kọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, èyí tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ di òfin tirẹ̀ ní 2006, kò lòdì sí iṣẹ́ fúyẹ́fúyẹ́ lọ́dọ̀ ìdílé ẹni. Ohun tí òfin gbógun tì ni iṣẹ́ àrẹ́jẹ, ẹrù tí ó wúwo tó láti ba ìdàgbàsókè ọmọ jẹ́, àti kíkiri ọjà lójú títì ńlá. Lójú tiwa, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ààlà tí ó wà láàárín méjèèjì, kí ó bèèrè ẹni tí ń jẹ èrè iṣẹ́ náà, kí ó sì bèèrè wákàtí tí iṣẹ́ náà gbà lọ́wọ́ ọmọ.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá yóò dá wa lóhùn pé àtẹ orí ọmọ ni oúnjẹ alẹ́ wọn. Òótọ́ ni. Àwa kò rò pé ẹni tí ó gba àtẹ lọ́wọ́ ọmọ opó, tí kò sì bèèrè ohun tí opó náà yóò jẹ, ti ṣe iṣẹ́ kankan. Ẹ jẹ́ kí a rántí oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mú owó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé wọ̀nyí ní 1954 tó 457,000. Ní 1955 wọ́n ti ju 811,000 lọ. Àwọn ọmọ náà kò korìíra ìwé tẹ́lẹ̀, owó ni ó ṣe ọgbà yí ilé-ìwé ká. Láti ibo sì ni ìjọba ti rí owó tí ó fi wó ọgbà náà? Láti inú kòkó ni púpọ̀ rẹ̀ ti wá, kòkó kan náà tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ilé gíga tí a parí ní Dùgbẹ̀ ní 1965.

Ṣùgbọ́n kòkó yìí kan náà ní ìtàn mìíràn, ìtàn àwọn tí ń rà á. Ní 1901, ilé-iṣẹ́ Cadbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ pé àwọn tí ń kórè kòkó ní erékùṣù São Tomé àti Príncipe, lábẹ́ ìjọba Potogí, jẹ́ ènìyàn tí a fi agbára kó láti Àǹgólà, tí kì í sì í padà sílé. Àwọn onílé-iṣẹ́ yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọmọ ìjọ Quaker ni wọ́n, wọ́n sì ń tọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ tiwọn ní Bournville dáradára. Wọ́n kọ ìwé sí ìjọba, wọ́n rán Joseph Burtt lọ wádìí ní 1905, wọ́n ń dúró de àtúnṣe, wọ́n sì ń ra kòkó náà lọ. Ọdún 1909 ni wọ́n tó jáwọ́ nínú rẹ̀, tí wọ́n sì yíjú sí Gold Coast. Ní ọdún yẹn kan náà ni ẹjọ́ tí wọ́n pe ìwé ìròyìn kan tí ó pè wọ́n ní alágàbàgebè parí. Àwọn ni ó jàre, ṣùgbọ́n owó ìtanràn tí ìgbìmọ̀ onídàájọ́ fún wọn kò tó kọ́bọ̀ kan; ìdá kan nínú mẹ́rin kọ́bọ̀ ni. Ọdún mẹ́jọ ni ó wà láàárín gbígbọ́ àti dídáwọ́ dúró, ọdún mẹ́jọ náà sì ni ó yẹ kí àwa oníṣòwò Kristẹni máa rò.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, àwọn ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì ńlá bọ ọwọ́ ìwé ní Amẹ́ríkà pé àwọn yóò mú iṣẹ́ ọmọdé tí ó burú jùlọ kúrò nínú oko kòkó ní Ivory Coast àti Ghana. Wọ́n dá 2005, ọjọ́ pé; wọ́n sún un sí 2008, wọ́n tún sún un. Ní 2010 wọ́n ṣèlérí pé àwọn yóò dín in kù ní ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún kí 2020 tó pé. Ní 2020 náà ni àwọn olùwádìí Yunifásítì Chicago sọ pé ọmọ tí ó tó 1,560,000 ni ó ṣì ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ méjèèjì. Ìlérí kì í ṣe ohun ọ̀wọ́n. Owó tí a ń san fún àgbẹ̀ lórí kòkó rẹ̀ ni ó ṣòro fún wọn láti fi kún.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òkèèrè ni gbogbo èyí. Ní 2003, a kó ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ Benin, tí púpọ̀ nínú wọn ti agbègbè Za-Kpota wá, kúrò níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta, ní ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín, a sì dá wọn padà sílé. Ta ni ó ra òkúta tí wọ́n fọ́? Àwọn tí ń kọ́lé ni. Ǹjẹ́ ẹnìkan nínú wọn bèèrè lọ́wọ́ onímọ́tò ibi tí òkúta náà ti wá? Ó ṣeé ṣe kí àwa náà wà lára wọn, nítorí ìjọ Ọlọ́run kì í yé kọ́lé.

Ojúṣe ilé-iṣẹ́, nígbà náà, kì í ṣe kí ó fi ìwé àti àga ta ilé-ìwé lọ́rẹ lọ́dọọdún, kí a sì ya àwòrán rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà ṣáájú rẹ̀: ọwọ́ ta ni ó ṣe ọjà yìí, orí ta ni ó gbé e? Ẹni tí ń di omi sínú ọ̀rá tí ó ń tà á fún ọmọ ọdún mẹ́wàá ní òwúrọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé kò lè sọ pé kò kan òun. Alábúrẹ́dì náà kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Nehemáyà kò bá àwọn tálákà wí ní ọjọ́ náà. Àwọn ọlọ́lá ni ó pe ìpéjọpọ̀ sí, ó sì mú kí wọ́n búra láti dá ohun tí wọ́n gbà padà.

Ó ku ilé tiwa. Ní 1853, nígbà tí David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ wà ní Kúdẹtì, olóyè kan ní ìlú yìí fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, sí ọ̀dọ̀ wọn, àwọn ọmọ náà sì kọ́ ìwé. Nítorí náà, gbígba ọmọ ọlọ́mọ tọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àṣà wa ni láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń wẹ ọmọ wa, tí ń gbé àpò ìwé wọn dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, tí ó sì ń yí padà wálé lọ fọ aṣọ, kí ni ó fi yàtọ̀ sí ìwọ̀fà? Ọ̀rọ̀ yìí yóò dun ẹlòmíràn. Ó dun àwa tí a kọ ọ́ pẹ̀lú.

A bẹ ẹ̀yin olùkọ́ kí ẹ wo ìwé orúkọ yín, kí ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ tí kì í wá ní ọjọ́ ọjà sí ọ̀tọ̀, kí ẹ sì bá wọn dé ilé kí oṣù yìí tó parí. Kí àwọn olùkọ́ Ilé-Ìwé Ọjọ́ Ìsinmi pẹ̀lú kọ iye ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó wà ní ilé àwọn ọmọ ìjọ, àti iye àwọn tí ń lọ sí ilé-ìwé nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ láti ilé tiwọn. Kí a mú ìwé méjèèjì wá sí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀.