Ọ̀rá Inú Ẹja àti Ìdènà Gbígba Ẹ̀mí Ara Ẹni

Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ, ó lé ní 720,000 ènìyàn tí ń gba ẹ̀mí ara wọn lọ́dọọdún. Lára ohun tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò láti dènà àjálù yìí ni ọ̀rá inú ẹja.

Ìlú ẹlẹ́ja ni Port Harcourt, olú ìlú Ìpínlẹ̀ Rivers. Ẹja odò àti ti òkun ń bẹ ní ọjà Creek Road níbẹ̀. Nínú ẹja ọlọ́ràá bíi Titus, ṣáwá àti sadíìnì ni ọ̀rá tí à ń pè ní omega-3 ti pọ̀. Ẹ̀yà rẹ̀ kan, DHA, wà lára ohun tí a fi mọ ọpọlọ. Ara kò lè dá a ṣe tó bí ó ti yẹ. Oúnjẹ ni a ti ń rí i. Epo pupa kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní omega-3. Àsálà ní irú kan, ṣùgbọ́n díẹ̀ péré nínú rẹ̀ ni ara lè sọ di DHA.

Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ tí a ti gbà pamọ́ lára ọmọ ogun 800 tí wọ́n gba ẹ̀mí ara wọn láàárín 2002 sí 2008 wò, wọ́n sì fi wé ti 800 mìíràn. Wọ́n rí i pé ewu náà pọ̀ sí i fún àwọn tí DHA inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré.

Síbẹ̀, pé nǹkan méjì jọ ń rìn kò fi hàn pé ọ̀kan ló fa èkejì. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá mú lè má jẹun dáadáa mọ́. Ní ọdún 2021, ìwádìí mìíràn lórí 18,353 ènìyàn tí wọ́n ti tó ẹni 50 ọdún sókè fi hàn pé lílo omega-3 fún bí ọdún márùn-ún kò dènà ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn.

Nítorí náà, ẹja dára fún ara, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ìtọ́jú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa oògùn dókítà tì nítorí epo ẹja. Bí ẹnìkan bá ń sọ pé ayé ti sú òun, tàbí tí ó ń ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bi í bóyá ó ń ronú àtigba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìbéèrè náà kò ní fi èrò ikú sí i lọ́kàn. Lẹ́yìn náà, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara. Ní Port Harcourt, ilé ìwòsàn ìtọ́jú ọpọlọ wà ní Rumuigbo.