Àmì Márùn-ún Tí A Fi Ń Wọn Àrùn Ẹ̀dọ̀

Nígbà tí àrùn bá pẹ́ nínú ẹ̀dọ̀ títí ó fi le koko, ìbéèrè ará ilé ni pé: ǹjẹ́ aláìsàn yìí yóò yè? Ní ọdún 1973, Pugh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n tún ìwọ̀n kan ṣe fún èyí. Ohun márùn-ún ni dókítà ń yẹ̀ wò: èròjà ẹ̀jẹ̀ tí ń mú ojú pọ́n bí ìyeyè, èròjà albumin, bí ẹ̀jẹ̀ ti ń tètè dì sí, omi inú ikùn, àti iyè dídàrú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba máàkì 1 sí 3. Kò rí bí máàkì ilé-ẹ̀kọ́: 5 tàbí 6 ni ìrètí pọ̀ sí jù, 10 sí 15 ni ewu wà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n kì í ṣe ìdájọ́ ikú. Bí a bá tọ́jú ohun tí ó fa àrùn náà, tí aláìsàn sì jáwọ́ nínú ọtí, máàkì lè dínkù.