Omi Ìdọ̀tí Ìlú Èkó: Níbo Ló Ń Lọ?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò kékeré kan bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oṣù yìí. Bí ènìyàn mẹ́fà bá wà nínú ilé kan, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń lo korobá omi méjì tó gba lítà 20 lójúmọ́, lítà 240 ni gbogbo wọn lò. Níbo ni omi ìwẹ̀, omi ìfọṣọ, omi àlùwàlá àti omi ilé ìgbẹ́ wọn ń gbà lọ?

Ní Èkó, ilé tí páìpù ń gbé omi ìdọ̀tí rẹ̀ lọ síbi ìtọ́jú kò pọ̀. Inú gọ́tà tàbí inú ilẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀ ilé ń lọ. Ìgbẹ́ á rọ̀ sí ìsàlẹ̀ tánkì, omi orí rẹ̀ á ṣàn sínú sókàwéè, ilẹ̀ á sì sẹ́ ẹ bí a ti ń sẹ́ ògì. Ó dára bí ilẹ̀ bá gbẹ tí àyè sì wà. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò bí Ajégúnlẹ̀ àti Lẹ́kkí, omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀. Nígbà òjò, ilẹ̀ á ti kún, kò ní lè sẹ́ ìdọ̀tí mọ́.

Àyè pàápàá ti há. Ìkànìyàn ọdún 1991 ka ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 5.7 ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ti ọdún 2006 ka 9,113,605. Ìmọ̀ràn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé kí kànga jìnnà sí sókàwéè tó mítà 30. Ṣùgbọ́n pulọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, kò ju nǹkan bí mítà 18 sí 36 lọ. Ẹni tó gbé sókàwéè sí ẹ̀yìnkùlé kí ó lè jìnnà sí kànga tirẹ̀, ó lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kànga aládùúgbò rẹ̀ ló gbé e sí. Onígbáméjì, àrùn tí omi tí ìgbẹ́ wọ̀ máa ń gbé kiri, tún jà ní Èkó ní ọdún 2024.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún ènìyàn láti tọ̀ sínú omi tí kò ṣàn. Bí ìtọ̀ ẹnì kan bá jẹ́ ọ̀ràn, kí ni ká ti wí nípa ìgbẹ́ odindi ilé nínú kànga ọmọnìkejì?

Nítorí náà, ẹ wo ibi tí kànga àti sókàwéè ilé yín wà, kí ẹ tún wo ti aládùúgbò. Ẹ máa se omi kànga kí ẹ tó mu ún. Ẹ pe ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́ kí tánkì tó kún. Ẹ má dúró de òjò láti ṣí i sínú gọ́tà. Ṣùgbọ́n ilé kan kò lè dá páìpù àdúgbò ṣe. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé àdúgbò àti ìjọba ìbílẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ìbéèrè:
1. Kí ló dé tí ilẹ̀ kì í lè sẹ́ omi ìdọ̀tí nígbà òjò?
2. Mítà mélòó ló wà láàárín kànga yín àti sókàwéè tó súnmọ́ ọn jù?