Ìfúnlórúkọ Bíràńdì Ilẹ̀ Faransé ní Èdè Yorùbá: Kónyáàkì gẹ́gẹ́ bí Àpẹẹrẹ

0. Ìfáárà

Orúkọ kan ṣoṣo ni Yorùbá fún gbogbo ohun mímu tí ń pa ènìyàn: ọtí. Ẹmu, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, bíà, wáìnì àti ògógóró, ọtí ni gbogbo wọn. Ní ibi ìnáwó, èyí kò fa ìṣòro kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùtumọ̀ bá fẹ́ ṣàlàyé bíràńdì ilẹ̀ Faransé, tàbí tí olùkọ́ bá fẹ́ fi iṣẹ́ ṣíṣe rẹ̀ kọ́ni nínú kíláàsì, ọ̀rọ̀ yìí nìkan kò tó mọ́. 'Ọtí líle' tí ọ̀pọ̀ ń lò sọ pé ohun mímu náà lágbára. Kò sọ ohun tí ó fún un ní agbára. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé iṣẹ́ tí ń mú ohun mímu jáde ni ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ tẹ̀lé, kì í ṣe ìtumọ̀ oréfèé orúkọ tí àwọn Faransé fún un. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ náà ni yóò lè fún un lórúkọ, òun náà ni yóò sì gbádùn rẹ̀ bí ó ti yẹ.

1. Orísun Kónyáàkì

Bíràńdì ni kónyáàkì, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo bíràńdì ni kónyáàkì. Inú èdè Dutch ni ọ̀rọ̀ 'bíràńdì' ti wá: brandewijn, èyí tí ó túmọ̀ sí wáìnì tí a fi iná sun. Àwọn oníṣòwò Dutch a máa ra wáìnì lágbègbè odò Charente, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Sísè é ni ó jẹ́ kí ó lè la òkun kọjá láìbàjẹ́. Etí odò yìí ni ìlú Cognac wà. Òfin ọdún 1909 pààlà sí ilẹ̀ tí ohun mímu náà ti lè wá. Ti ọdún 1936 sì fi ìdí ẹ̀tọ́ orúkọ náà múlẹ̀. Bíràńdì ilẹ̀ Gascony, tí ó wà ní gúúsù ibẹ̀, ní orúkọ tirẹ̀: Armagnac.

Ìsọ̀rí mẹ́fà ni ilẹ̀ Cognac pín sí. Méjì tí ó lókìkí jù ni Grande Champagne àti Petite Champagne. Olùtumọ̀ ní láti ṣọ́ra níhìn-ín. Champagne yìí kò kan wáìnì tí ń hó, tí gbogbo ayé mọ̀. Ọ̀rọ̀ Látìn kan náà, tí ó jẹ mọ́ pápá gbalasa, ni ó bí orúkọ méjèèjì.

2. Ìpọntí àti Ìsèkán

Èso àjàrà funfun kan, Ugni Blanc, ni wọ́n ń lò jù. Oje rẹ̀ kan, kò sì dùn púpọ̀. Ìwúkàrà a máa sọ ṣúgà inú oje náà di ẹ́tánọ́ọ̀lì, títí tí yóò fi tó nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ pe ìgbésẹ̀ yìí ní 'ìdọtí', nítorí pé oje ti di ọtí, ohùn kan ṣoṣo ni yóò ya ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀ kúrò lára 'ìdọ̀tí'. 'Ìpọntí', tí àwọn tí ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ti ní lẹ́nu tẹ́lẹ̀, ni ó yẹ.

Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò se wáìnì náà nínú ìkòkò bàbà. Ẹ́tánọ́ọ̀lì a máa hó nígbà tí ìgbóná bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 78 ti Celsius, omi sì di 100. Nítorí náà, ẹ́tánọ́ọ̀lì ni ó máa ń pọ̀ jù nínú ooru tí ó kọ́kọ́ gòkè. Ooru náà yóò gba inú páìpù tí ó wà nínú omi tútù kọjá, yóò sì máa kán sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ṣe èyí. Ti àkọ́kọ́ a máa fún wọn ní ìdá 28 sí 32 nínú 100. Ti ẹ̀ẹ̀kejì a máa tó nǹkan bí ìdá 70. Wáìnì bí i lítà 9 ni ó ń lọ sí lítà 1.

Ọ̀nà kan náà ni àwọn tí ń ṣe ògógóró lẹ́bàá omi ní ilẹ̀ Ìlàjẹ fi ń se ẹmu. Sísè àti kíkán ni kókó rẹ̀. 'Ìsẹ́' kò lè dúró fún un, nítorí pé aṣọ tàbí asẹ́ ni à ń fi sẹ́ ògì, iná kò sí níbẹ̀. 'Ìsèkán' ni àbá tí ó wà níhìn-ín.

Ní ìsèkán kejì, àwọn Faransé a máa pín ohun tí ń kán sí orí, ọkàn àti ìrù. Ọkàn ni wọ́n ń mú lọ sínú àgbá. Wọn kì í jẹ́ kí orí bá a lọ. Bí a bá tú èyí ní ẹyọ ọ̀rọ̀, etí Yorùbá kò ní gbà á: ta ni í ya orí sọ́tọ̀ bí ohun tí kò wúlò? Ẹ̀kán àkọ́kọ́, ẹ̀kán àárín àti ẹ̀kán ìkẹyìn sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ láìfi ọwọ́ kan orí ẹnikẹ́ni.

3. Gbígbó Nínú Àgbá

Ohun tí ó kán kò ní àwọ̀. Igi óákù, pàápàá ti Limousin àti ti Tronçais, ni ó ń fún un ní àwọ̀ àti òórùn. Ó kéré tán, ọdún 2 ni yóò lò nínú àgbá. Nínú àpòpọ̀ tí wọ́n kọ VS sí lára, èyí tí ó kéré jù ti lo ọdún 2. Ti VSOP, ọdún 4. Ti XO, ọdún 10 láti ọdún 2018, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 6 ni tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn lẹ́tà wọ̀nyí dúró fún, nítorí pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni oníbàárà pàtàkì. Àgbá nìkan ni ó ń mú un gbó; ẹni tí ó bá fi ìgò rẹ̀ pamọ́ fún 20 ọdún kò fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ orí rẹ̀.

Lọ́dọọdún, nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 a máa fẹ́ lọ láti inú àgbá. 'Ìpín àwọn áńgẹ́lì' ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ náà sì bá èdè Yorùbá mu. Olu tíntìntín kan tí ooru náà ń bọ́ ni ó ń sọ ògiri ilé àgbá di dúdú.

4. Wíwò, Gbígbóòórùn àti Títọ́wò

Ife kékeré tí ẹnu rẹ̀ há ju ikùn rẹ̀ lọ ni ó yẹ, kí òórùn lè kó jọ sí ọ̀nà imú. Àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí ọjọ́ orí, nítorí òfin gba ṣúgà jíjó láàyè. Imú ni ó ń ṣíwájú ẹnu. Kí ife tó mì, òdòdó àti èso ni ó sábà máa ń ta sánsán. Lẹ́yìn náà, òórùn igi óákù àti fàníílà. Èyí tí ó ti gbó gan-an a máa rùn bí olu inú igbó àti bí ẹ̀pà. Ẹnu a wá tọ́ díẹ̀ wò, yóò sì jẹ́ kí ó pẹ́ lórí ahọ́n. Èyí tí kò tí ì gbó a máa ta lọ́fun. Èyí tí ó gbó a máa rọra gbilẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú fífi omi tàbí yìnyín lu èyí tí ó kéré.

5. Àbá Orúkọ

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Eau-de-vie ni àwọn Faransé ń pe ohun tí ó kán. Bí a bá tú u sí 'omi ìyè', inú Bíbélì ni ọkàn òǹkàwé yóò lọ. Àbá tí ó tẹ̀lé iṣẹ́ nìyí:

Ìpọntí: sísọ ṣúgà di ẹ́tánọ́ọ̀lì nípa ìwúkàrà.
Ìsèkán: sísè, títutù àti kíkán, láti ya ẹ́tánọ́ọ̀lì kúrò lára omi.
Àsèkán: ohunkóhun tí ìsèkán bá mú jáde.
Bíràńdì àjàrà: àsèkán wáìnì.
Kónyáàkì: àsèkán wáìnì ilẹ̀ Cognac tí ó gbó nínú àgbá.
Ògógóró: àsèkán ẹmu.

Ní ọdún 2015, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Ìpínlẹ̀ Rivers lẹ́yìn tí wọ́n mu ògógóró tí mẹ́tánọ́ọ̀lì wà nínú rẹ̀. Ọtí ni èdè ojoojúmọ́ ń pe ẹ́tánọ́ọ̀lì; bí ọ̀rọ̀ kan náà bá tún bo mẹ́tánọ́ọ̀lì, kí ni olùkìlọ̀ yóò fi kìlọ̀? Orúkọ tí ó péye kò lè wẹ májèlé mọ́, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kí ìkìlọ̀ yé ẹni tí ń gbọ́ ọ.

6. Àgbálọgbábọ̀

Ìjọba amúnisìn fi òfin de ògógóró nígbà tí ó ń gba owó bodè lórí bíràńdì òkèèrè. Àsèkán ni méjèèjì. Ilẹ̀, àgbá, ọjọ́ orí àti òfin ni ó yà wọ́n. Bí orúkọ Yorùbá bá fi ìbátan náà hàn tí ó sì tún fi ìyàtọ̀ náà hàn, ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.