Ọkọ̀ kò ní í dúró dè yín: ohun tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀ kó tó sanwó ọkọ̀ ìgbafẹ́ lójú Òkun Mẹditaréníà

Bí ẹ bá rí ìwé ìpolówó ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ tí wọ́n kọ "Róòmù" sí gàdàgbà, ẹ yáa mọ̀ pé ọkọ̀ náà kò ní í gbé yín dé Róòmù. Èbúté kan tí wọ́n ń pè ní Civitavecchia ló máa já yín sí, ibẹ̀ sí Róòmù sì tó nǹkan bíi 70 sí 80 kìlómítà. Bákan náà, bí wọ́n bá kọ "Florence", Livorno ni ọkọ̀ máa gúnlẹ̀ sí, rélùwéè á sì sáré fún nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ kó tó dé Florence. Kì í ṣe pé wọ́n purọ́ o. Àmọ́ ẹni tí kò bá mọ̀ kó tó sanwó lè ná owó gọbọi, kó má sì rí ju ojú ọ̀nà lọ.

Ẹlòmíì nínú àwọn oníṣòwò wa á ti jókòó ti ìsọ̀ rẹ̀ fún ogún ọdún láìgba ìsinmi. Bí ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún bá wá dé, tàbí tí àwọn ọmọ tó wà ní London bá ní àwọn fẹ́ ṣe ìyá tàbí bàbá àwọn lóore, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìgbafẹ́ máa ń jẹyọ. Kò burú rárá. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń ra ọjà wọ ìsọ̀ yín náà ni kí ẹ fi ra ìrìn àjò yìí, kí ẹ mọ ohun tí owó yín rà gan-an. Oúnjẹ wà nínú ọkọ̀, odò ìlúwẹ̀ẹ́ wà, orin àti ijó wà. Bó bá jẹ́ torí ìyẹn nìkan ni, ṣebí hòtẹ́ẹ̀lì pọ̀ ní Lẹ́kí. Wákàtí tí ẹ máa lò lórí ilẹ̀ ní èbúté kọ̀ọ̀kan ni ojúlówó ọjà tí ẹ rà, òun ló sì yẹ kí ẹ ṣírò.

Ẹ jẹ́ ká fi Civitavecchia ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọkọ̀ gúnlẹ̀ ní aago méje àárọ̀, tó sì máa gbéra ní aago méje alẹ́. Lójú ìwé, wákàtí méjìlá nìyẹn. Àmọ́ kí àwọn aláṣẹ èbúté tó ní kí èrò máa bọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin náà tó tò jáde, ó ti ń lọ sí aago mẹ́jọ. Ọgbà èbúté náà tóbi, bọ́ọ̀sì ló ń kó èrò jáde sí ibi tí wọ́n ń pè ní Largo della Pace, láti ibẹ̀ ni ẹ ó tún ti wá ọ̀nà dé ibùdókọ̀ rélùwéè. Bí ẹ bá rí rélùwéè wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú, ẹ ó dé ibùdókọ̀ Roma San Pietro, tó sún mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ti Pétérù Mímọ́, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Àbọ̀ ńkọ́? Ọkọ̀ tó máa gbéra ní aago méje, wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí gbogbo èrò ti wọlé ní ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí kan ṣáájú. Ẹni tó gbọ́n kò ní í jẹ́ kí aago márùn-ún lù bá òun láìtíì dé èbúté, ìyẹn ni pé ó gbọ́dọ̀ ti wà nínú rélùwéè àbọ̀ ní aago mẹ́ta ààbọ̀. Wákàtí méjìlá ti di mẹ́fà. Ẹ yọ oúnjẹ ọ̀sán àti ìsinmi ẹsẹ̀ kúrò, ó ku márùn-ún.

Pẹ̀lú wákàtí márùn-ún, ẹ kò lè wọ Colosseum, kí ẹ tún wọ ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Vatican, kí ẹ tún wá lọ ra bàtà. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, torí pé ìlà ibẹ̀ gùn. Ẹ wo ọjọ́ tí ọkọ̀ máa débẹ̀ pẹ̀lú. Ilé Vatican yìí kì í ṣí lọ́jọ́ Sunday, àfi Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù. Uffizi tó wà ní Florence kì í ṣí lọ́jọ́ Monday. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́, wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí èjìká tàbí orúnkún rẹ̀ wà níta wọlé, nítorí náà ẹni tó bá wọ ìró àti bùbá lọ kò ní wàhálà kankan.

Ọ̀rọ̀ tí a fi ṣe àkọlé yìí kì í ṣe àwàdà. Bí ẹ bá dá lọ fúnra yín, tí ẹ sì pẹ́, ọkọ̀ máa lọ. Ẹ̀yin lẹ máa fi owó ara yín wá a dé èbúté tó kàn, ó sì lè jẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ìrìn àjò orí ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra wọn ṣètò lẹ bá lọ, tí bọ́ọ̀sì wọn há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, wọ́n á dúró, tàbí kí wọ́n wá ọ̀nà gbé yín bá ọkọ̀. Owó tiwọn wọ́n ju kí ẹ dá lọ lọ, a kò sì ní í sọ pé kí ẹ máa san án níbi gbogbo. Èrò tiwa ni pé ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ lè san án ní Civitavecchia àti Livorno, níbi tí ìlú ti jìnnà. Nílẹ̀ Ítálì, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè kì í pẹ́ kéde ìdaṣẹ́sílẹ̀. Àwa tí ASUU ti kọ́ lọ́gbọ́n kò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Níbi tí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀ sí àárín ìlú, ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn, kí ẹ tọ́jú owó yín.

Naples ni irú èbúté bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti bọ́ sílẹ̀, ilé olódi àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Castel Nuovo ló wà níwájú yín yẹn. Àmọ́ ibi tí a máa rán oníṣòwò lọ ni Pompeii. Ẹ wọ rélùwéè Circumvesuviana ní ibùdókọ̀ Garibaldi, láàárín nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ẹ ti dé Pompei Scavi, ẹnu ọ̀nà ìlú náà kò sì jìnnà síbẹ̀. Ìlú yìí ni eérú òkè Vesuvius bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 79 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, tí gbogbo nǹkan sì wà bó ṣe wà. Àwọn ẹlòmíì máa ń lọ wo ilé àwọn olówó. Ní tiwa, ìsọ̀ ni kí ẹ wò. Ẹ ó rí káńtà àwọn olóúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà, tí wọ́n ri ìkòkò mọ́ ọn, tí oníbàárà á kàn dúró níta, tí wọ́n á bu oúnjẹ fún un. Ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n fi han aráyé ní December 2020 ṣì ní àwòrán àkùkọ àti pẹ́pẹ́yẹ lára, bí àwọn olóúnjẹ tiwa náà ṣe ń ya àwòrán sára ìsọ̀. Ẹ ó rí ilé búrẹ́dì pẹ̀lú ọlọ òkúta àti ààrò, nínú ààrò ọ̀kan lára wọn ni wọ́n ti bá búrẹ́dì 81 tí ẹni tó ṣe é kò rí kó jáde. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Aulus Umbricius Scaurus. Ó ń ta garum, èròjà ọbẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹja ṣe, bíi ká sọ pé irú tiwa. Ó ní kí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ ya ìgò ọjà rẹ̀ sí ilẹ̀ inú ilé rẹ̀, ká lè ka orúkọ rẹ̀ lára wọn. Ìpolówó ọjà ti wà tipẹ́! Ní ilé mìíràn, èyí tí wọ́n kọ sí ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà kò ju "Èrè, káàbọ̀" lọ.

Láti November 2024, èèyàn 20,000 péré ni wọ́n ń gbà wọ Pompeii lóòjọ́, orúkọ yín ló sì máa wà lára tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù dání, torí pé ọkọ̀ míì máa ń gba pásípọ́ọ̀tù gan-an lọ́wọ́ èrò pa mọ́.

Genoa náà sún mọ́ ìlú. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn láti ibi tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí dé Palazzo San Giorgio, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1260, tó di ibùjókòó báǹkì San Giorgio tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1407. Ní Marseille, èbúté àwọn ọkọ̀ ńlá jìnnà sí àárín ìlú, ẹ béèrè bọ́ọ̀sì. Ní Santorini, ilẹ̀ Gíríìsì, ọkọ̀ kì í lè sún mọ́ etí omi, ọkọ̀ kékeré ló ń kó èrò lọ, ẹ ó sì tún tò sórí ìlà ọkọ̀ orí wáyà kí ẹ tó dé òkè, àfi tí ẹ bá lè gun àtẹ̀gùn tó lé ní 500. Láti July 2025, ìjọba Gíríìsì ń gba yúrò 20 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ bá gbé dé ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí wọ́n bá sì kọ "Venice" fún yín, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń sọ gan-an, nítorí pé láti August 2021 ni wọn kò ti jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá gba iwájú ìlú náà kọjá mọ́.

Istanbul yàtọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ ti mọ Laleli dáadáa, àwọn aláṣọ wa ti ń ná ọjà níbẹ̀ tipẹ́. Láti Galataport, tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí láti 2021, ẹ lè rìn dé Karaköy, kí ẹ wọ ọkọ̀ T1 lọ tààrà sí Beyazıt àti Laleli. Ọjà ńlá onílé tó wà ní Beyazıt kì í ṣí lọ́jọ́ Sunday.

Ibi tí Istanbul bá ti wọ ọ̀rọ̀ ni físà ti ń di wàhálà. Físà Schengen lẹ máa fi wọ Ítálì, Sípéènì, Faransé, Gíríìsì àti Malta. Tọ́kì kò sí lára wọn, Tùnísíà àti Montenegro náà kò sí níbẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá ya ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí, ẹ ti jáde kúrò nínú Schengen, bí físà yín bá sì jẹ́ ti ìgbà kan ṣoṣo, ẹ kò lè padà wọlé. Wọ́n lè má jẹ́ kí ẹ wọ ọkọ̀ rárá láti ìbẹ̀rẹ̀, owó yín á sì wọgbó. Físà tó ń wọlé lọ́pọ̀ ìgbà ni kí ẹ béèrè fún, kí ẹ sì wádìí ohun tí orílẹ̀-èdè tó kù ń fẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè tí ẹ máa lo ọjọ́ jù níbẹ̀ lẹ máa kọ̀wé sí. Bí ọjọ́ bá dọ́gba, èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ wọ̀ ni. Yúrò 90 ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà láti June 2024, wọn kì í sì í dá a padà bí wọn kò bá fún yín. Ẹ ó ní ìwé adójútòfò ìlera tó tó yúrò 30,000. Ìwé CAC, àkọsílẹ̀ báǹkì àti ìwé owó orí yín ló máa fi hàn pé ẹ ní ìsọ̀ tí ẹ máa padà sí.

Ẹ fara balẹ̀ síbí. Wọ́n lè gba ìwé físà yín láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sì máa ń fẹ́ gba ìyókù owó wọn ní oṣù méjì sí mẹ́ta kí ọkọ̀ tó gbéra, lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹ bá ní ẹ kò lọ mọ́, díẹ̀ ni wọ́n máa dá padà, bí wọ́n bá máa dá nǹkan kan padà. Nítorí náà, àsansílẹ̀ nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ san, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ìyókù máa pé sára ògiri, kí ẹ sì gbé ìwé físà lọ ní kété tí oṣù mẹ́fà náà bá ti wọlé, kí èsì lè jáde ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ẹni tó san gbogbo owó kó tó lọ gba físà ti ta ọjà àwìn fún ẹni tí kò mọ̀ rí.

Iye tí wọ́n kọ sójú ìwé kọ́ ni iye tí ẹ máa ná. Owó yàrá sábà máa ń jẹ́ ti èèyàn méjì, ẹni tó bá dá lọ lè san tó iye èèyàn méjì. Owó òṣìṣẹ́ tún wà, tí wọ́n ń yọ lójoojúmọ́ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ká ní yúrò 12 ni, fún ọjọ́ méje, tọkọtaya máa san 168 láìtíì mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan. Ẹ bi báǹkì yín bóyá káàdì yín ń ṣiṣẹ́ níta, kì í ṣe kí ẹ máa dán an wò lójú agbami. Bí ẹ bá ra nǹkan fún ara yín, ẹ béèrè ìwé láti gba owó orí VAT padà. Ní Sípéènì, kò sí iye tó kéré jù láti 2018. Ní Faransé, ó gbọ́dọ̀ ju yúrò 100 lọ. Pápákọ̀ òfuurufú tí ẹ máa gbà jáde kẹ́yìn ní Yúróòpù ni ẹ ti máa ṣe é, kí ẹ tó kó ẹrù sílẹ̀.

Oṣù May, tàbí ìparí September sí October, ló dáa jù, torí pé oòrùn àti èrò August kọjá sísọ. October tún bọ́ sí i fún ọ̀pọ̀ oníṣòwò, ọjà Kérésìmesì kò tíì dé, tàwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti kọjá. Ẹ fi ìsọ̀ lé ẹnì kan lọ́wọ́ pẹ̀lú àṣẹ tó kún. Ẹ má ṣètò pé ẹ̀yin lẹ máa máa fọwọ́ sí owó láti orí omi o, íntánẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́, bí fóònù yín bá sì lọ so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọkọ̀ fúnra rẹ̀, owó tó máa jẹ máa dùn yín.

Ẹ dé ìlú tí ẹ ti máa wọkọ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú, torí bàálù tó lè pẹ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n máa pe gbogbo èrò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń sá àsálà. Ẹ má sá fún un. Èèyàn 32 ló kú nígbà tí ọkọ̀ Costa Concordia kọ lu òkúta lẹ́bàá erékùṣù Giglio ní January 13, 2012, àwọn èrò kan wà nínú ọkọ̀ náà tí wọn kò tíì ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Ní èbúté kọ̀ọ̀kan, ẹ mú ìwé ètò ọjọ́ náà dání bí ẹ bá ń bọ́ sílẹ̀, nọ́ńbà aṣojú ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní ìlú yẹn sábà máa ń wà níbẹ̀. Ní alẹ́ tó gbẹ̀yìn, wọ́n á ní kí ẹ gbé àpótí yín sí ẹnu ọ̀nà kí wọ́n lè kó o lọ. Ẹ rántí yọ aṣọ tí ẹ máa wọ̀ lọ́jọ́ kejì sílẹ̀ kí ẹ tó tì í jáde.